Àgùnmu Òwò: Irinṣẹ́ Ìpolówó Wo Ni Ó Yẹ Ọmọlúàbí?

Àwọn àgbà wa ní, ìpolówó ọjà ni àgùnmu òwò. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ yìí. A ń sọ ọ́ fún ọmọ tí ojú ń tì láti kígbe ọjà tí ó rù. A sì ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó jókòó ti àtẹ rẹ̀ láìfọhùn, tí ó ń retí pé kí èrò ọjà fúnra wọn wá bá òun. Ṣùgbọ́n a kì í sábà dúró ti ọ̀rọ̀ àgùnmu tí ó wà nínú òwe náà. Àgùnmu ni ohun tí a gún, tí a sì mu. Ẹni tí ó gún un mọ ewé àti egbò tí ó kó sínú odó. Ẹni tí ó mu ún kò mọ̀ ju ohun tí a sọ fún un lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bi oníṣègùn léèrè pé: kí ni ó wà nínú rẹ̀, báwo ni a ó ṣe lò ó, kí sì ni èèwọ̀ rẹ̀?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nípa àgùnmu tuntun tí òwò ń mu ní ayé òde òní, èyí tí í ṣe ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé, aránṣọ, onídìrí, gbẹ́nàgbẹ́nà, ayàwòrán, ẹni tí ń se oúnjẹ fún ìnáwó àti ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ túmọ̀ ìwé fún ará òkèèrè, gbogbo wọn ni ó ń fi tẹlifóònù pe oníbàárà. Àwọn tí wọ́n jókòó ní kíláàsì wa lánàá ń padà wá bi wá pé: «Ọ̀gá, WhatsApp ni kí n lò ni, àbí Facebook? Ṣé kí n sanwó kí wọ́n bá mi polówó, àbí kí n má san?» Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwà ni, kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó.

Aṣọ kan àti àwòrán kan

Ọmọbìnrin kan wà tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó tó ṣe ìdánwò BAC, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ pọ̀ ní àdúgbò náà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lórí gbèsè.

Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wá gba aṣọ tí ó rán fún un láti fi lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyá náà wọ̀ ọ́ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin náà gbé tẹlifóònù, ó ya á. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé àwòrán náà sórí WhatsApp rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó gbé e sórí ojú ewé rẹ̀ ní Facebook, ó sì san owó díẹ̀ kí wọ́n fi han àwọn ará ìlú. Ìpolówó náà jẹ́. Ènìyàn mẹ́fà tí kò mọ̀ rí ni wọ́n pè é láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyá yìí wà nínú àjọ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó ti bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù fún òun, pé ọmọ òun wà ní ilé ìwòsàn, òun kò lè dá owó òun ní oṣù náà. Òtítọ́ ni ó sọ. Aṣọ yẹn kì í ṣe owó rẹ̀ ni ó fi rà á. Àbúrò rẹ̀ tí ó ń ṣe ìyàwó ni ó ra aṣọ, tí ó sì san owó ìránṣọ. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ ẹni tí ó sanwó. Nígbà tí àjọ pàdé, tẹlifóònù ń ti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó bi í ní ohunkóhun. Wọ́n kàn ń wò ó.

Ìyá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì pariwo. Ó ní: «Ọmọ mi, èmi kò ní kí o má polówó iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o kò bi mí.» Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má bínú.» Ó pa àwòrán náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti fi ránṣẹ́ síra wọn kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹyin ni ohùn: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Àwòrán náà sì ti di bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó wá bá wa, ìbéèrè rẹ̀ kò rọrùn. Ó ní: «Ọ̀gá, níbo ni mo ti ṣẹ̀? Aṣọ náà dára, èmi ni mo rán an, n kò sì pa irọ́ kankan.» Òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ ìpolówó, kò ṣẹ̀. Nítorí náà, a ní láti wá ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ sí ibòmíràn.

Èrò wa ni pé ohun kan wà tí oníbàárà ń fi sí ọwọ́ ẹni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí owó. Aránṣọ mọ bí ìbàdí ènìyàn ti tóbi tó. Onídìrí mọ ibi tí irun ti re. Ẹni tí ń ta oògùn mọ àìsàn ilé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Òtítọ́ ní ẹni tí ó ni ín, ó sì ní ẹni tí ó tọ́ sí. Ìyá náà fi ara rẹ̀ han aránṣọ kan. Kò fi í han ìlú.

Ariwo ọjà àti ọ̀rọ̀ inú etí

Àwọn kan yóò sọ pé irinṣẹ́ kò mọ nǹkan kan, pé ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran náà ni a lè fi ṣe ènìyàn léṣe, ọwọ́ tí ó mú un ni kí a bá wí. Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀nà tí ó ń tì wá sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìpolówó àtijọ́ wé ti òde òní.

Ẹni tí ń kígbe ẹ̀kọ gbígbóná ní àárọ̀, gbogbo àdúgbò ni ó ń gbọ́ ọ. Iye kan náà ni ó ń dá fún olówó àti fún tálákà kí ìnájà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní iṣu òun ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ tí ó mọ ibi tí ó ti rà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì rẹ́rìn-ín. Gbangba ni ọjà, gbangba sì ni ó ń tọ́ ẹnu olùtà sọ́nà. Àwa ará Kétu mọ agbára gbangba ju ẹnikẹ́ni lọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó wà lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó tayọ láyé, ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ nínú. Ní alẹ́ yẹn, ohun tí ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni akọrin ń sọ jáde. Ó lè bá ìjòyè wí, ó lè bá oníṣòwò wí, ṣùgbọ́n etí gbogbo ìlú ni ó ti ń sọ ọ́, ìlú sì lè dá a lẹ́jọ́.

Ìpolówó tí a ń sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń polówó lè yan ìlú, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àti ohun tí ènìyàn fẹ́ràn láti máa wò. Ènìyàn méjì tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà, ìpolówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń wọlé sí tẹlifóònù wọn. A kò sọ pé ìkà ni èyí. Ẹni tí ń rán aṣọ ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́, kí ni yóò fi sanwó láti sọ fún ará Parakou? Ọgbọ́n ni kí a má fi owó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìpolówó ti kúrò ní ariwo ọjà, ó ti di ọ̀rọ̀ inú etí. Ohun tí a sọ sí etí ẹnìkan, aládùúgbò kò gbọ́ ọ, kò sì lè tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ó ti rọrùn láti sọ fún oníbàárà pé «ó ku méjì péré» nígbà tí ogún wà nínú àpótí. Ibẹ̀ ni ó ti rọrùn láti ra olùtẹ̀lé ayédèrú, tàbí láti bẹ ọ̀rẹ́ kí ó yin iṣẹ́ tí kò rí rí. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, ìlànà àkọ́kọ́ tí a fi ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn ni èyí: ohunkóhun tí o kò lè dúró kígbe ní àárín ọjà, níbi tí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́ ti lè gbọ́, má ṣe kọ ọ́ sórí tẹlifóònù ẹnikẹ́ni.

Orúkọ tí ó wà lọ́wọ́ wa

Àwòrán tí aránṣọ yẹn gbé síta hàn sójú. Ohun mìíràn wà tí kì í hàn, ó sì wúwo jù ú lọ: àkójọ orúkọ àwọn oníbàárà. WhatsApp Business, tí ó jáde ní ọdún 2018 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, kì í gba owó lọ́wọ́ wa láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí a ṣí ìwé orúkọ inú tẹlifóònù wa fún òun. Ẹni tí ó fẹ́ sanwó fún ìpolówó lórí Facebook lè gbé àkójọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, kí ó lè wá wọn rí láàárín àwọn tí ń lò ó, kí ó sì tún wá àwọn mìíràn tí ìṣe wọn jọ tiwọn. Irinṣẹ́ náà lágbára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni àwọn orúkọ yẹn? Ìyá tí ó fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀ fún wa kí a lè pè é nígbà tí aṣọ bá parí. Kò fún wa kí a fi í wá ẹlòmíràn.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti sọ̀rọ̀ lórí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Code du numérique ti Bẹ̀nẹ̀, tí a fi lélẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní apá kan odindi tí ó dá lórí ààbò ọ̀rọ̀ nípa ẹni. Orúkọ, nọ́ńbà tẹlifóònù àti àwòrán wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò. Ó ní kí a mọ ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe kí a tó gbà wọ́n, ó sì fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ pé kí a má fi ìpolówó dí òun lọ́wọ́ mọ́. Àwọn ará wa ní Tógò náà ní òfin tiwọn, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ pé ìbẹ̀rù òfin nìkan ni yóò mú wa ṣe rere. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà ní Terminale ń ka ẹ̀kọ́ Kant, ọ̀mọ̀ràn ará Jámánì, tí ó kọ́ ayé pé a kò gbọdọ̀ lo ènìyàn bí irinṣẹ́ lásán. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, wọ́n sì ń gbà máàkì. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn bàbá wa ti sọ èyí tí ó jọ ọ́ ní ọ̀nà tiwọn: ènìyàn ni aṣọ mi. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò ní owó ni ó bo òun, kò ní ọjà ni ó bo òun, ènìyàn ni. Bí a bá wá fà á ya nítorí pé a fẹ́ ta ọjà kan, kí ni a ó fi bora?

Ilẹ̀ onílẹ̀

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń ta ọjà fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a mọ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ láti èdè Faransé sí Yorùbá. Kò ní ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ ojú ewé kan tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń gbà wá bá a. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí i, kò ṣí. Wọ́n ní ó ti rú òfin. Wọn kò sọ èyí tí ó rú. Ó kọ̀wé, ẹ̀rọ ni ó dá a lóhùn. Kò kọ nọ́ńbà ẹnì kankan sínú ìwé, nítorí pé gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ó di ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé onílẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, nítorí pé ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó rò pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun ní rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba fi àṣẹ kan lélẹ̀ pé kí ẹni tí ń lo àwọn ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ máa san fáráǹkì CFA 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan. Ariwo sọ, a sì fagi lé àṣẹ náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ohun tí a ń pè ní ọ̀fẹ́ lè yí padà ní ọjọ́ kan. Àwọn tí ń fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà nípasẹ̀ Mailchimp mọ èyí pẹ̀lú: àyè ọ̀fẹ́ ibẹ̀ ti gba orúkọ 2 000 rí, kí wọ́n tó gé e kù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni ìmọ̀ràn tí ó dára jù lọ tí a mọ̀ fún ẹni tí ń yan irinṣẹ́.

Èwo ni kí a wá lò?

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ó sì sọ pé olùkọ́ kàn ń dẹ́rù bà òun ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ bí àwa ṣe ń tò ó fún àwọn tí wọ́n bi wá.

Èkíní ni ìwé. Ìwé lásán, tí a ra ní ọjà, tí a kọ orúkọ oníbàárà sí, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí ó rà, àti bóyá ó gbà kí a pe òun tàbí kí a fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó lè tì í pa mọ́ wa lọ́wọ́. Kí a sì tọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú owó.

Èkejì ni WhatsApp, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa wà. Ó ní ibi tí a lè to ọjà àti iye rẹ̀ sí. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àkójọ kan kò gbà ju orúkọ 256 lọ, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú tẹlifóònù tirẹ̀. Àwọn kan ń ráhùn sí èyí. Àwa rí i pé ó dára: ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ wá, ọ̀rọ̀ wa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sàn púpọ̀ ju kí a fa igba ènìyàn sínú ẹgbẹ́ kan láìbi wọ́n, kí nọ́ńbà gbogbo wọn sì hàn sí ara wọn.

Ẹ̀kẹta, fún ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí kò kúrò lójú kan, ni àyè tí Google fi ń ṣàfihàn oníṣòwò lórí máàpù. Ọ̀fẹ́ ni. Oníbàárà lè sọ ohun tí ó rí níbẹ̀, oníṣòwò sì lè fèsì, ṣùgbọ́n kò lè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nítorí pé kò dùn mọ́ ọn. Nínú gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí, èyí ni ó súnmọ́ ariwo ọjà jù.

Ẹ̀kẹrin, fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà lókèèrè, bí olùtumọ̀ yẹn, ni lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan bá yí ìlànà rẹ̀ padà, a lè kó orúkọ wa kúrò níbẹ̀ lọ sí òmíràn.

Ìpolówó tí a ń sanwó fún ni ó kẹ́yìn, kì í ṣe nítorí pé ó burú, bí kò ṣe pé ó ń béèrè ìṣirò. Bí aránṣọ bá ná fáráǹkì 6 000, tí èrè rẹ̀ lórí aṣọ kan sì jẹ́ 2 000, oníbàárà tuntun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ rí kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ka èyí kò tíì tó ẹni tí ń sanwó.

Ohun tí a lè fi ta kò wá

A gbọ́ ohùn ẹni tí yóò sọ pé: «Ẹ̀yin olùkọ́, owó oṣù yín dájú. Ẹni tí ebi ń pa, tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ṣé ó lè dúró máa béèrè ìyọ̀ǹda?» Ọ̀rọ̀ náà wúwo, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. A lè dáhùn pé òdodo máa ń padà di èrè, pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ní ìlú kékeré, èyí sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá lè pàdánù oníbàárà kí ó sì fi owó wá òmíràn. Àwa kò lè fi owó wá aládùúgbò mìíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Aránṣọ wa ti ń bi àwọn oníbàárà rẹ̀ báyìí. Ẹni tí ó bá kọ̀, ó ń gbé aṣọ rẹ̀ kọ́ sórí igi, ó sì ń ya á láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó sọ fún wa láìfi pamọ́ pé aṣọ orí igi kì í pe oníbàárà bí aṣọ tí ó wà lára ènìyàn. Àwọn tí ń pè é ti dín kù, gbèsè ẹ̀rọ náà sì ti pẹ́ sí i. Òótọ́ ni pé ó pàdánù. Bí a bá sọ fún un pé ìwà rere kò ní ná an ní ohunkóhun, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ìwà rere bí ẹni ń polówó ayédèrú ọjà. Ohun tí a lè sọ ni pé owó tí ó pàdánù yẹn kì í ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ẹlòmíràn ni ó fẹ́ fi pa á.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni a fẹ́ fi àbá wa sí: irinṣẹ́ ìpolówó tí ó yẹ ọmọlúàbí ni èyí tí a lè lò tán, kí a sì tún lè wo ojú ẹni tí a fi lò ó. Bí ó ti lè wù kí ó yára tó, bí ó ti lè wù kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó, bí a bá ní láti gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí ẹnìkan má baà rí wa lẹ́yìn tí a lò ó, kì í ṣe àgùnmu, májèlé ni.

Ìyá náà kò tíì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ wa sọ pé wọ́n ń pàdé ní ọjọ́ ọjà, pé òun a kúnlẹ̀ kí i, ìyá náà a sì dáhùn: «Ẹ kú ọjà o, ọmọ mi.» Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé olórí àjọ náà, ó ṣàlàyé ẹni tí ó ra aṣọ. Bóyá wọ́n gbà á gbọ́, bóyá wọn kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n lójú ìwé kìíní nínú ìwé oníbàárà rẹ̀, lókè pátápátá, ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan tí ó rí i lójoojúmọ́ kí ó tó gbé tẹlifóònù: «Ṣé mo ti bi í?»

A fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún gbogbo wa.